Ìbọn Àti Oògùn Olóró: Kí Ni Òfin Sọ?

Ní oṣù October 2018, Hunter Biden wọ ṣọ́ọ̀bù kan tí wọ́n ti ń ta ìbọn ní ìpínlẹ̀ Delaware, ní Amẹ́ríkà. Fọ́ọ̀mù tí wọ́n fún un bi í pé: Ṣé ó ń lo oògùn olóró, àbí ó ti di bárakú fún un? Ó kọ ọ́ pé rárá, ó sanwó, ó sì gbé ìbọn lọ. Ọjọ́ 11 péré ni ìbọn náà lò lọ́wọ́ rẹ̀. Síbẹ̀, ní June 11, 2024, ilé ẹjọ́ dá a lẹ́bi ẹ̀sùn mẹ́ta. Bàbá rẹ̀, tó jẹ́ ààrẹ nígbà yẹn, ló dárí jì í ní oṣù December. Mélòó nínú wa ló ní irú bàbá bẹ́ẹ̀?

Òfin Amẹ́ríkà

Láti 1968 ni òfin àpapọ̀ wọn ti sọ pé ẹni tó ń lo oògùn olóró kò gbọ́dọ̀ ní ìbọn. Ẹ̀wọ̀n rẹ̀ lè tó ọdún 15. Ibi tó ti ń mú ọ̀pọ̀ èèyàn ni ọ̀rọ̀ igbó. Ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ ti fàyè gba igbó, àmọ́ òfin àpapọ̀ ò tíì gbà kéèyàn máa fà á bó ṣe wù ú. Fọ́ọ̀mù náà pàápàá kìlọ̀ bẹ́ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá ní ọmọ tàbí àbúrò níbẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ fún un.

Àwọn kan ń bèèrè pé: Ṣé ó yẹ kí ẹni tó fa igbó lánàá, àmọ́ tójú rẹ̀ dá lónìí, pàdánù ẹ̀tọ́ tí ìwé òfin orílẹ̀-èdè wọn fún un? Àwọn ilé ẹjọ́ ò fohùn ṣọ̀kan lórí ẹ̀. Ìdí nìyẹn tí Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ fi gbà ní 2025 láti gbọ́ ẹjọ́ ọkùnrin ará Texas kan.

Nílé Wa Ńkọ́?

Lọ́dọ̀ tiwa, ìbọn níní kì í ṣe ẹ̀tọ́, ìwé àṣẹ ni. Ṣakabùlà àwọn ọdẹ pàápàá nílò rẹ̀. Òfin ìbọn ti 1959 sọ pé wọn ò gbọ́dọ̀ fún ọmọ tí kò tó ọdún 17 níwèé àṣẹ, bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tórí rẹ̀ ò pé, ẹni tójú rẹ̀ ò ríran dáadáa àti ẹni tí kò mọ̀wọ̀n ara rẹ̀.

Àmọ́ ọlọ́pàá ò sí nínú yàrá wa. Bàbá lè níwèé àṣẹ, kó jẹ́ ọmọ ló ń mu oògùn. Nírú ilé bẹ́ẹ̀, ẹ má gbé ìbọn kọ́ sára ògiri. Ẹ yọ ọta rẹ̀, ẹ tì í mọ́ ibì kan, kí kọ́kọ́rọ́ sì wà lọ́wọ́ yín. Ẹ wá ìtọ́jú fọ́mọ náà láìfi ṣe àṣírí tó ń tini lójú. Ẹni tí oògùn ń gùn lè tọrọ àforíjì tójú rẹ̀ bá dá, àmọ́ ọta tó ti jáde lẹ́nu ìbọn kì í padà.