Stephen Keshi (1962–2016): Nọ́ḿbà 4 Tó La Ọ̀nà Yúróòpù

Stephen Okechukwu Keshi, agbábọ́ọ̀lù ọwọ́ ẹ̀yìn Nàìjíríà tó ń wọ nọ́ḿbà 4. Azare lápá Bauchi ni wọ́n ti bí i ní ọjọ́ 23 oṣù Ṣẹ́rẹ́ ọdún 1962, ṣùgbọ́n Illah ní ìpínlẹ̀ Delta ni ìdílé wọn ti ṣẹ̀ wá. Èkó ló ti dàgbà, ilé ẹ̀kọ́ St. Finbarr's ní Akọka, Yaba, ló sì lọ. Ẹni tó bá mọ Yaba kò ní bi wá léèrè bí bọ́ọ̀lù ṣe wọ̀ ọ́ lẹ́jẹ̀. Denis Slattery, àlùfáà Àgùdà láti ilẹ̀ Ireland, ló dá ilé ẹ̀kọ́ náà sílẹ̀ ní 1956, òun fúnra rẹ̀ sì máa ń ṣe rẹfirí. Ọmọ Finbarr's náà ni Henry Nwosu, tó wà nínú ikọ̀ Nàìjíríà tó gba ife ẹ̀yẹ Áfíríkà ní Surulere ní 1980.

Keshi gbá bọ́ọ̀lù fún ikọ̀ ACB l'Ékòó, ó kọjá sí ikọ̀ New Nigeria Bank ní ìlú Benin, ó sì wọ ikọ̀ àgbà Nàìjíríà ní 1981. Ní 1985 ni wàhálà dé. Àjọ bọ́ọ̀lù ní òun àtàwọn mìíràn kò tètè dé ibùdó ìgbaradì, wọ́n sì dá wọn dúró. Kàkà kó jókòó sílé máa bẹ̀bẹ̀, Abidjan ló forí lé: Stade d'Abidjan, lẹ́yìn náà Africa Sports. Ní 1986, Lokeren ní ilẹ̀ Bẹ́ljíọ̀mù mú un, ní 1987 ó sì di ti Anderlecht. Níbẹ̀ ló ti gba ife ẹ̀yẹ Bẹ́ljíọ̀mù lẹ́ẹ̀mejì, 1988 àti 1989, àti líìgì ní 1991. Sampdoria ló já Anderlecht kulẹ̀, 2–0, nínú àṣekágbá ife àwọn tó gba ife ní Yúróòpù, 1990. Strasbourg ní ilẹ̀ Faransé ló kàn.

Òun kọ́ ni ọmọ Nàìjíríà tó kọ́kọ́ lọ gbá bọ́ọ̀lù ní Yúróòpù o. Teslim Balógun, tí orúkọ rẹ̀ wà lára pápá ìṣeré tó kángun sí National Stadium ní Surulere, ti gbá bọ́ọ̀lù fún ikọ̀ QPR ní England ní àwọn ọdún 1950. Ṣùgbọ́n ojú ọ̀nà náà fẹ́rẹ̀ẹ́ hu koríko kí Keshi tó dé. Lẹ́yìn tirẹ̀, Victor Ikpeba àti Sunday Oliseh dé RFC Liège, Daniel Amokachi dé Club Brugge. Lójú tèmi, àwọn tó fìyà jẹ ẹ́ ní 1985 ló ṣe bọ́ọ̀lù Nàìjíríà lóore láìmọ̀.

Ní ti aṣọ aláwọ̀ ewé Nàìjíríà, Cameroon gba àṣekágbá ife Áfíríkà lọ́wọ́ wọn ní 1984, wọ́n tún gbà á ní 1988. Ní ọjọ́ 10 oṣù Igbe 1994, ní Tunis, Nàìjíríà na Zambia 2–1, Keshi balógun ikọ̀ sì gbé ife sókè. Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ kan ṣoṣo ló gbá ní ife ẹ̀yẹ àgbáyé ọdún náà, èyí tí wọ́n fi na Greece 2–0 ní ọjọ́ 30 oṣù Òkúdù. Ogún ọdún géérégé lẹ́yìn náà, ní ọjọ́ 30 oṣù Òkúdù 2014, Faransé na ikọ̀ Nàìjíríà tí Keshi ń kọ́ nígbà náà 2–0 ní ife àgbáyé ní Brazil.

Gẹ́gẹ́ bí akọ́nimọ̀ọ́gbá, òun ló kó Togo dé ẹnu ọ̀nà ife àgbáyé 2006, ẹlòmíràn ni wọ́n sì fi kó wọn wọlé. Ìwọ̀sí gbáà! Ní 2013, ó gba ife Áfíríkà fún Nàìjíríà, góòlù Sunday Mba sí Burkina Faso ló parí rẹ̀.

Ó kú ní ìlú Benin ní oṣù Òkúdù 2016, lẹ́ni ọdún 54. Mahmoud El-Gohary ti Íjíbítì nìkan ló ti gba ife Áfíríkà gẹ́gẹ́ bí agbábọ́ọ̀lù àti akọ́nimọ̀ọ́gbá ṣáájú rẹ̀.