Jípsọ̀mù Àṣẹ́kù Ilé-Iṣẹ́ àti Ilẹ̀ Oko ní Ìmẹ̀kọ

Kálísíọ̀mù àti sọ́fọ̀ wà nínú jípsọ̀mù. Ní Sẹ̀nẹ̀gà, níbi tí a ti ń fi òkúta fọ́sífétì ṣe ásíìdì fún ajílẹ̀ láti 1984, jípsọ̀mù ni àṣẹ́kù iṣẹ́ náà. A sì ti lò ó lórí ilẹ̀ tí iyọ̀ bà jẹ́.

Bí sódíọ̀mù bá pọ̀ nínú ilẹ̀, amọ̀ a tú ká, ojú ilẹ̀ a dì, òjò a sì ṣàn lọ láìwọlẹ̀. Kálísíọ̀mù ni ó ń gba ipò sódíọ̀mù. Amọ̀ a ṣù pọ̀, omi a ráyè wọlẹ̀.

Ìmẹ̀kọ jìnnà sí òkun. Ilẹ̀ ọ̀dàn ni tirẹ̀. Nítorí náà, àyẹ̀wò ni ó yẹ kó ṣáájú. Kí olùkọ́ rọra fi ìṣù erùpẹ̀ gbígbẹ sínú ife omi òjò. Bí omi náà bá ṣì rí bí omi ẹ̀kọ ní ọjọ́ kejì, jípsọ̀mù lè ṣe ilẹ̀ náà láǹfààní. Bí ó bá mọ́ kedere, kò sí ẹ̀rí pé omi yóò tipasẹ̀ jípsọ̀mù wọlẹ̀ sí i.

Jípsọ̀mù kì í dín kíkan ilẹ̀ kù bí eérú ti ń ṣe. Èyí tí ó ti ara fọ́sífétì wá sì lè ní rédíọ̀mù, èyí tí ìjọba Amẹ́ríkà fi òté lé ní 1992. Ó yẹ kí a yẹ òun náà wò kí a tó fọ́n ọn sóko.