Wọ́mà Kì í Ṣe Sítóòfù: Bí A Ṣe Ń Lo Wọ́mà Oníkòkò Mẹ́ta Nínú Ilé

Ní Pópó Àgùdà, kò sí ọjọ́ tí oúnjẹ máa ń pẹ́ lórí tábìlì tó Ọjọ́ Ẹtì Rere, èyí tí gbogbo wa ń pè ní Gúùdù Fúráìdè. Láti ọ̀sán títí di alẹ́ ni àlejò ń wọlé, tí àlejò ń jáde. Frejon àti ọbẹ̀ ẹja sì gbọ́dọ̀ gbóná fún ẹni tó kọ́kọ́ dé àti ẹni tó dé kẹ́yìn. Kúlà ni ọ̀pọ̀ ilé fi ń ṣe èyí tẹ́lẹ̀. Ní báyìí, wọ́mà oníná kékeré, èyí tó ní kòkò méjì, mẹ́ta tàbí mẹ́rin, ti ń wọ ilé wa. Ó dára, àmọ́ ó ní bí a ṣe ń lò ó. Àwa tí a ń kọ́ nípa ìmọ̀ oúnjẹ ni àwọn ará ilé sì máa ń bi léèrè, ìdí nìyẹn tí mo fi kọ ohun tí mo máa ń sọ fún wọn sílẹ̀.

Bó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni ẹ máa mú lọ, òun nìyí: wọ́mà kì í se oúnjẹ, kì í sì í ṣe ohun tí a fi ń mú oúnjẹ tútù gbóná. Oúnjẹ tó ti gbóná tẹ́lẹ̀ ló ń ṣọ́, kó má baà tutù.

Kí ló wà nínú frejon?

Fún ẹni tí kò mọ àdúgbò wa, Àgùdà ni àwọn tí wọ́n kó baba ńlá wọn, tàbí àwọn fúnra wọn, lẹ́rú lọ sí Bràsíl àti Kúbà, tí wọ́n padà wá sí Èkó ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Agbègbè Campos, Bámgbóṣé, Tòkunbọ̀ àti Ìgbóṣeré ni púpọ̀ nínú wọn kọ́lé sí. Feijão ni ẹ̀wà ń jẹ́ lédè Potogí, òun ló di frejon lẹ́nu wa. A ó se ẹ̀wà títí yóò fi rọ̀ dáadáa, a ó lọ̀ ọ́, a ó sẹ́ ẹ, a ó da oje àgbọn sí i, a ó sì máa rò ó lórí iná títí yóò fi ki. Àwọn kan ń fi ṣúgà àti kànáfùrù sí i. Ọbẹ̀ ẹja àti gàárì la fi ń jẹ ẹ́, nítorí pé Kátólíìkì kì í jẹ ẹran lọ́jọ́ náà.

Ẹ tún wo ohun tí mo kà sílẹ̀ yẹn: ẹ̀wà, oje àgbọn, ẹja. Gbogbo wọn ló lómi, gbogbo wọn ló ń ṣara lóore. Bó ṣe dùn mọ́ wa náà ló ṣe dùn mọ́ kòkòrò àìfojúrí.

Ibi tí ewu wà

Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, ní ìlànà márùn-ún fún oúnjẹ tí kò ní ṣe èèyàn ní jàǹbá. Ọ̀kan nínú wọn ni pé kí oúnjẹ gbígbóná wà lókè 60°C, kí oúnjẹ tútù sì wà nísàlẹ̀ 5°C. Àárín méjèèjì ni agbègbè ewu. Oúnjẹ tí a ti sè kò gbọ́dọ̀ wà nílẹ̀ lásán fún ohun tó ju wákàtí 2 lọ.

Ìdí rẹ̀ ni pé kòkòrò àìfojúrí ń pọ̀ sí i nípa pípín ara wọn sí méjì. Bí ibi tí wọ́n wà bá tẹ́ wọn lọ́rùn, ọ̀pọ̀ wọn lè pín ní ìṣẹ́jú ogún-ogún. Ẹyọ kan á di 8 láàárín wákàtí kan, á di 64 láàárín wákàtí méjì, á sì di 4,096 láàárín wákàtí mẹ́rin. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà.

Ẹlòmíràn á ní, "Ṣebí a ti sè é, ṣebí iná ti pa wọ́n?" Iná kò pa gbogbo wọn. Bacillus cereus, tó wọ́pọ̀ nínú ìrẹsì, àti Clostridium perfringens, tó fẹ́ràn ọbẹ̀ àti ẹ̀wà tí a sè sínú ìkòkò ńlá, máa ń sá sínú èèpo líle kan tí omi híhó kì í tètè fọ́. Bí oúnjẹ bá ti ń lọ́ wọ́ọ́rọ́, wọ́n á jí padà. Láàárín nǹkan bí 43°C sí 47°C, perfringens lè pín láàárín nǹkan bí ìṣẹ́jú 10. Ní ti Bacillus cereus, oró rẹ̀ tó ń fa èébì kì í kúrò nínú ìrẹsì, kódà bí a bá tún gbé e kaná. Àtúnsè kò lè tún gbogbo rẹ̀ ṣe.

Ìyá àgbà mi máa ń kán ọbẹ̀ sí ẹ̀yìn ọwọ́ láti mọ̀ bóyá ó ṣì gbóná. Wọ́n á ní, "Ó gbóná, ọmọ mi." Èmi náà á ní, "Ó gbóná lọ́wọ́ lóòótọ́, mà, ẹ jẹ́ ká fi tẹmọ́mítà wò ó." Omi tó jẹ́ 50°C á ta èèyàn débi pé kò ní lè ki ọwọ́ bọ̀ ọ́ pẹ́, bẹ́ẹ̀ 50°C ṣì wà láàárín agbègbè ewu. Ọwọ́ kò lè sọ ìyàtọ̀ tó wà láàárín 50 àti 65 fún wa. Òórùn àti adùn náà kò ṣeé gbára lé, nítorí oúnjẹ tó máa dá inú rú lè má kan rárá. Tẹmọ́mítà oúnjẹ, èyí tó ní irin ṣóńṣó tí a ń kì bọ àárín ìkòkò, ló yẹ kó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọ́mà.

Bí wọ́mà ṣe ń ṣiṣẹ́

Oríṣi méjì ló wọ́pọ̀. Nínú èyí tó jẹ́ gbígbẹ, irin gbígbóná ló wà nídìí kòkò. Nínú olómi, a ó bu omi sínú ọpọ́n ìsàlẹ̀, iná á mú omi gbóná, omi àti oru rẹ̀ á sì mú kòkò gbóná. Àwọn Faransé ń pe èyí ní bain-marie, àwọn tó ń sọ Potogí ń pè é ní banho-maria, ìyẹn ìwẹ̀ Maria. Kì í ṣe Màríà Wúńdíá o. Ìtàn sọ pé obìnrin Júù kan tó ń ṣe ìwádìí nípa irin àti oògùn ní Íjíbítì láyé àtijọ́ ni wọ́n fi sọrí.

Olómi ló bá frejon mu jù. Omi inú ọpọ́n kì í gbóná kọjá 100°C, nítorí náà frejon tó ki kò ní tètè jó nídìí bí ó ṣe máa jó lórí irin gbígbẹ.

Àmọ́ agbára rẹ̀ kéré. Ká sọ pé wọ́mà yín jẹ́ 300 wáàtì, pé lítà 3 omi wà nísàlẹ̀ rẹ̀, pé kòkò mẹ́ta inú rẹ̀ gba lítà kan ààbọ̀ ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí ẹ bá kó ọbẹ̀ jáde nínú fíríìjì ní 5°C sínú rẹ̀, tí ẹ sì fẹ́ kó dé 75°C, ìṣirò fi hàn pé ó máa gbà tó wákàtí kan àti ìṣẹ́jú 45, bí a bá tiẹ̀ sọ pé ooru kankan kò sá lọ. Nínú ilé gidi, ó máa ju bẹ́ẹ̀ lọ. Gbogbo àkókò yẹn ni ọbẹ̀ fi ń rìn gba àárín agbègbè ewu kọjá. Iṣẹ́ sítóòfù ni láti mú un gbóná, kì í ṣe ti wọ́mà.

Ìlànà tí mo ń tẹ̀ lé

1. Omi gbígbóná láti inú kẹ́tù ni mo ń bu sí ìsàlẹ̀, títí dé ibi àmì tí wọ́n fà sára ọpọ́n. Lítà 3 omi tútù máa gba wọ́mà 300 wáàtì ní nǹkan bí ìṣẹ́jú 35 kó tó gbóná dé 80°C.

2. Mo máa ń jẹ́ kó gbóná kí oúnjẹ tó wọ inú rẹ̀.

3. Orí iná ni oúnjẹ ti gbọ́dọ̀ hó dáadáa. Bó bá jẹ́ oúnjẹ inú fíríìjì, a ó gbé e kaná títí yóò fi máa ru èéfín káàkiri, kì í ṣe létí nìkan. Lẹ́yìn náà ni yóò wá bọ́ sínú wọ́mà.

4. A ó dé ìkòkò. Ọbẹ̀ tí a ṣí sílẹ̀ á tètè tutù lójú, á sì gbẹ.

5. Ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú sí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, a ó fi ọmọrogùn ro frejon láti ìdí wá sókè, nítorí pé ooru kì í tètè dé àárín oúnjẹ tó ki. Ọbẹ̀ ẹja kò fẹ́ rírò. Kí a kàn mi ìkòkò rẹ̀ díẹ̀.

6. Ní wákàtí wákàtí, a ó fi tẹmọ́mítà wo àárín ìkòkò kọ̀ọ̀kan. Bó bá ti ń sún mọ́ 60°C, a ó fi kún iná wọ́mà. Bó bá ti lọ sísàlẹ̀ rẹ̀ láìpẹ́, orí sítóòfù ló ń lọ. Bó bá ti ju wákàtí 2 lọ, kí a dà á nù.

7. Ìkòkò kan, ṣíbí kan. A kò gbọ́dọ̀ da oúnjẹ tuntun lé àjẹkù lórí. Kí ìkòkò kọ́kọ́ tán, kí a fọ̀ ọ́, kí tuntun tó wọlé.

8. Kí omi ìsàlẹ̀ má gbẹ. Omi gbígbóná ni kí a fi kún un.

Ní ti owó iná, wọ́mà 300 wáàtì tó ṣiṣẹ́ fún wákàtí 6 kò lè jẹ ju yúníìtì 1.8 lọ. Bí yúníìtì kan bá jẹ́ igba náírà, owó rẹ̀ kò ní kọjá 360 náírà.

Bí iná bá lọ ńkọ́?

Iná á lọ, ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́. Bó bá ti lọ, ẹ wo aago, kí ẹ sì fi ìdérí sílẹ̀ bó ṣe wà. Omi gbígbóná ìsàlẹ̀ á ṣì máa ran oúnjẹ lọ́wọ́ fún ìgbà díẹ̀. Ẹ yọ wáyà rẹ̀ kúrò lára ògiri, lẹ́yìn náà ẹ lè fi aṣọ tówẹ̀lì tó nípọn bò ó. Ẹ má fi aṣọ bo wọ́mà tí iná ṣì wà lára rẹ̀. Bí tẹmọ́mítà bá ti fẹ́ bọ́ sí 60°C, gáàsì ló kàn.

Bó bá jẹ́ jẹnẹrétọ̀ lẹ fẹ́ tàn, ìta gbangba ni ibi rẹ̀. Àwọn ilé wa sún mọ́ra, ọ̀dẹ̀dẹ̀ wọn gùn, carbon monoxide inú èéfín rẹ̀ kò sì ní òórùn bẹ́ẹ̀ ni kò ní àwọ̀. Ó ń pa èèyàn lójú oorun. Frejon kankan kò tó èyí.

Ohun tó bá wọ́mà mu àti ohun tí kò bá a mu

Frejon, ọbẹ̀ ata, ẹ̀wà, àsáró àti ìrẹsì tó ti jinná dáadáa bá a mu. Dòdò, àkàrà àti ẹja díndín kò bá a mu, nítorí pé oru á sọ wọ́n di rírọ̀ jọ̀ọ́jọ̀ọ́. Ẹ̀fọ́ á yí àwọ̀ padà bó bá pẹ́ níbẹ̀. Ẹ̀bà àti àmàlà dára sí kúlà jù, kí a sì tètè jẹ wọ́n. Wákàtí 4 ni èmi kì í jẹ́ kí ìkòkò kan kọjá, nítorí adùn rẹ̀.

Lẹ́yìn àsè

Wọ́mà tí a pa tí oúnjẹ sì wà nínú rẹ̀ di àárọ̀ ni ibi tí kòkòrò àìfojúrí ń fẹ́ jù: ibẹ̀ lọ́ wọ́ọ́rọ́, ó sì dé pa. Kí àlejò ìkẹyìn tó lọ tán, ẹ bu àjẹkù sínú àwọn abọ́ fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ tí kò jìn, kó lè tètè tutù, kó sì wọ fíríìjì láàárín wákàtí 2.

Èyí tí a bù fún ará ilé kejì náà ńkọ́? Lọ́jọ́ Gúùdù Fúráìdè, abọ́ frejon máa ń dé ilé Mùsùlùmí àti ilé Kìrìsìtẹ́nì bákan náà. Àwọn àgbàlagbà àti ọmọ wẹ́wẹ́ wà lára àwọn tó máa jẹ ẹ́, àwọn gan-an ni oúnjẹ tó bá bàjẹ́ sì ń dá lágara jù. Ẹni tó gba abọ́ lọ́wọ́ wa kò béèrè ìgbà tí a sè é, ó fọkàn tán wa ni. Nítorí náà, inú ìkòkò tó ṣì gbóná ni kí ẹ ti bù ú, kí ẹ sì sọ fún ọmọ tí ẹ rán pé kó sọ fún wọn níbẹ̀ pé, "Wọ́n ní ẹ jọ̀ọ́, kí ẹ jẹ ẹ́ báyìí, tàbí kí ẹ gbé e sí fíríìjì, kí ẹ sì sè é kó hó kí ẹ tó jẹ ẹ́."