Àìtó Họ́mónù Ẹ̀yà Orí-Kíndìnrín: Orúkọ Àìsàn àti Àmì Ìsọ̀rí Rẹ̀ nínú Àkọsílẹ̀ Ìṣègùn

1. Ìfáàrà

Iṣẹ́ akọ̀wé tí ó ń fi àmì ìsọ̀rí sí àìsàn ni kí ó ka ohun tí dókítà kọ, kí ó sì wá àmì tí ó bá a mu nínú Ìwé Ìsọ̀rí Àìsàn ti Àjọ Ìlera Àgbáyé. Kò ní àṣẹ láti fi àbá tirẹ̀ kún un. Bí ọ̀rọ̀ dókítà kò bá ṣe pàtó, àmì náà kò ní ṣe pàtó. Nítorí náà, ẹni tí ó bá ń ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ ìṣègùn ní èdè Yorùbá ní láti wò ó bóyá ọ̀rọ̀ tí ó dá lè ya àìsàn kan sọ́tọ̀ kúrò lára èkejì. Àìtó họ́mónù ẹ̀yà orí-kíndìnrín jẹ́ àpẹẹrẹ tí ó yẹ fún irú àyẹ̀wò bẹ́ẹ̀: ó lè pa ènìyàn kíákíá, síbẹ̀ ó ṣeé tọ́jú bí wọ́n bá tètè mọ̀ ọ́n.

2. Orúkọ ẹ̀yà náà

Méjì ni ẹ̀yà yìí; ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn jókòó sórí kíndìnrín kan. Thomas Addison, dókítà ní ilé ìwòsàn Guy's ní Lọ́ńdọ̀nù, ni ó tẹ ìwé jáde ní 1855 lórí àìsàn tí ó ń bà á jẹ́, orúkọ rẹ̀ ni wọ́n sì fi ń pe àìsàn náà títí di òní.

Ó lè wu ògbufọ̀ láti pe ẹ̀yà náà ní "kókó". Ṣùgbọ́n ohun tí ó wú ni kókó lára aláìsàn. Ẹni tí ó bá gbọ́ "kókó orí kíndìnrín" lè rò pé jẹjẹrẹ ni. "Ẹ̀yà" kò ní ewu yìí nínú.

Apá méjì ni ẹ̀yà náà ní. Èdè Látìn fi èèpo igi pe ti òde, ó sì fi mùdùnmúdùn inú egungun pe ti inú. Yorùbá ní ọ̀rọ̀ méjèèjì láìjẹ́ pé ó yá wọn lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Èèpo ni ó ń ṣe kọ́tísọ́ọ̀lù, tí ó ń gbé ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ àti ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ ró nígbà àìsàn tàbí ìfarapa. Òun náà ni ó ń ṣe aldosterone, tí ó ń ṣọ́ iyọ̀ ara. Mùdùnmúdùn ni ó ń ṣe adrenaline. Ti èèpo ni àìsàn tí a ń wí yìí. "Àìtó" ni ó sì yẹ ẹ́, kì í ṣe "àìsí", nítorí pé díẹ̀ lè ṣẹ́kù tí kò ní ká ohun tí ara nílò.

3. Ibi tí àìtó ti wá

Àwọn dókítà máa ń pín àìsàn yìí sí ti àkọ́kọ́ àti ti ìkejì. Bí wọ́n bá túmọ̀ rẹ̀ bẹ́ẹ̀ ní tààrà, òǹkàwé yóò rò pé ìgbà kìíní tí àìsàn kọ lu ènìyàn ni wọ́n ń sọ. Ó sàn kí orúkọ náà sọ orísun rẹ̀. Nínú Ẹ̀dà Kẹwàá Ìwé Ìsọ̀rí, tí wọ́n fọwọ́ sí ní 1990, a lè to àwọn àmì náà báyìí:

(a) Àìtó láti inú ẹ̀yà, níbi tí èèpo fúnra rẹ̀ ti bàjẹ́: E27.1. Bí ó bá jẹ́ pé kòkòrò ikọ́ ife ni ó bà á jẹ́, àmì rẹ̀ ni A18.7.

(b) Àìtó láti ọwọ́ oògùn: E27.3, pẹ̀lú àmì mìíràn tí yóò tọ́ka sí oògùn náà.

(d) Pàjáwìrì àìtó, nígbà tí ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ bá já wálẹ̀ tí ẹ̀mí sì wà nínú ewu: E27.2.

(e) Àìtó mìíràn, tàbí èyí tí orísun rẹ̀ kò hàn nínú àkọsílẹ̀: E27.4.

Bí ó bá jẹ́ pé ẹ̀yà abẹ́-ọpọlọ, tí ó ń pàṣẹ fún èèpo, ni kò ṣiṣẹ́ tó, ìsọ̀rí tirẹ̀ wà lọ́tọ̀: E23.0. Ẹ̀dà Kọkànlá, tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2022, kó àìtó họ́mónù èèpo sábẹ́ 5A74, ṣùgbọ́n ìbéèrè nípa orísun kò yí padà.

4. Ọ̀rọ̀ ẹnu aláìsàn

Àkọsílẹ̀ lè kùnà láti ìbẹ̀rẹ̀. Nínú àìtó láti inú ẹ̀yà, awọ ara sábà máa ń dúdú; nínú àìtó láti ọwọ́ oògùn, kì í rí bẹ́ẹ̀. "Ara rẹ̀ dúdú" kò sọ ohunkóhun nípa ẹni tí a bí ní dúdú. "Ara rẹ̀ ń dúdú sí i" ni ó sọ pé nǹkan ti yí padà, ó sì yẹ kí dókítà kọ ibi tí ó ti rí i: ilà àtẹ́lẹwọ́, ẹran ìdí eyín, tàbí ojú àpá.

Èyí tí ó le jù ni ti oògùn. Ẹni tí ó bá lo prednisolone fún ìgbà pípẹ́, èèpo rẹ̀ lè dákẹ́ iṣẹ́. Bí ó bá dá oògùn náà dúró lójijì, pàjáwìrì lè dé. Àwọn ìpara kan tí wọ́n fi ń bóra ní irú èròjà bẹ́ẹ̀ nínú, ó sì ń gba awọ ara wọlé. Ṣùgbọ́n bí dókítà bá béèrè pé, "Oògùn wo ni ẹ ń lò?", aláìsàn lè dáhùn pé òun kò lo oògùn kankan. Kò purọ́: ìpara kì í ṣe oògùn lójú tirẹ̀. Ìbéèrè náà ní láti dárúkọ èyí tí wọ́n ń gbé mì, èyí tí wọ́n ń fà símú àti èyí tí wọ́n ń fi para.

5. Àgbálọgbábọ̀

E27.4 kì í ṣe àṣìṣe bí dókítà kò bá tíì mọ orísun àìsàn. Àdánù ni bí ó bá mọ̀ ọ́n tí kò kọ ọ́. Dókítà mìíràn tí yóò ṣiṣẹ́ abẹ fún aláìsàn náà lọ́jọ́ iwájú lè má mọ̀ pé ó yẹ kí òun fún un ní hydrocortisone kí abẹ tó kàn án. Ọ̀rọ̀ tí ó bá sọ ẹ̀yà, apá àti orísun ni yóò dáàbò bo irú ẹni bẹ́ẹ̀. Èdè Yorùbá ní ohun tí wọ́n lè fi hun ún. Ó kù kí olùkọ́ àti ògbufọ̀ fohùn ṣọ̀kan lórí rẹ̀.