Ẹ jẹ́ ká mọ̀: Bí a ṣe ń dá adìrẹ tòótọ́ mọ̀ lọ́jà Ìtòkú

Adìrẹ ni aṣọ tí wọ́n fi ọwọ́ ṣe ọnà sí kí wọ́n tó rẹ ẹ́ sínú aró. Ọjà Ìtòkú ní Abẹ́òkúta ni ojúkò rẹ̀. Àmọ́ aṣọ tí ẹ̀rọ tẹ ọnà adìrẹ sí ti wà lórí àtẹ kan náà báyìí, ẹni tí kò bá fara balẹ̀ yóò fi owó iṣẹ́ ọwọ́ ra iṣẹ́ ẹ̀rọ.

Ẹ̀yìn aṣọ ni olùrà ń kọ́kọ́ wò. Aró máa ń wọ inú òwú já, nítorí náà ọnà adìrẹ oníko, èyí tí wọ́n fi ìko di, máa ń hàn lójú àti lẹ́yìn. Ti ẹ̀rọ kì í sábà hàn dáadáa lẹ́yìn. Adìrẹ ẹlẹ́kọ yàtọ̀: ojú kan ni wọ́n ń fi ìyẹ́ adìẹ kun ẹ̀kọ láfún sí, ẹ̀yìn rẹ̀ a sì dúdú ju ojú lọ. Bí wọ́n bá gbé adìrẹ alábẹ́rẹ́, èyí tí wọ́n fi abẹ́rẹ́ àti òwú rán, síwájú oòrùn, ihò abẹ́rẹ́ wẹ́wẹ́ ṣì máa ń hàn níbi tí wọ́n ti tú òwú. Èyí tí wọ́n fi àbẹ́là ṣe máa ń ní ìlà tín-ín-rín, bíi ti àwo tó sán.

Kò sí ohun tó burú nínú ìdúnàádúrà, ṣùgbọ́n ìwà ìkà ni kí ènìyàn fi iye aṣọ ẹ̀rọ ná aṣọ ìyá tó fi ọjọ́ púpọ̀ rán an.

Lẹ́yìn tí a bá rà á, adìrẹ tuntun máa ń ṣí díẹ̀. Omi tútù ni wọ́n fi ń fọ̀ ọ́, lọ́tọ̀, abẹ́ ìbòòji ni wọ́n sì ń sá a sí.