Pádì Bíréèkì Wo Ni Kí A Rà?

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, nígbà tí a bá ń yẹ ìwé ẹgbẹ́ wò, a máa ń rí i pé owó ẹ̀yáwó ni àwọn kan fi ra ọkọ̀. Bí bíréèkì bá kọ̀, tí ọkọ̀ sì bàjẹ́, bí ẹ̀mí tilẹ̀ yọ, gbèsè kò lọ.

Láti Ire-Akari, ọjà Ládípọ̀ ní Mushin kò jìnnà. Ojúlówó wà níbẹ̀, ayédèrú náà wà.

Èkíní, ẹ mú pádì àtijọ́ dání lọ. Ìrísí àti ìwọ̀n tuntun gbọ́dọ̀ bá a mu. Èkejì, ẹ má ra tòkunbọ̀. A kò lè mọ bí ó ti jẹ iná tó. Ẹ̀kẹta, ẹ ra èyí tí a kọ sára páálí rẹ̀ pé kò ní asbestos nínú, nítorí eruku asbestos ń fa jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró. Kí mẹkáníìkì má fẹ́ eruku bíréèkì. Àkísà tí a fi omi rin ni kí ó fi nù ún. Ẹ̀kẹrin, ẹ pààrọ̀ ti taya iwájú méjèèjì pọ̀, kí ọkọ̀ má baà máa fà sí ẹ̀gbẹ́ kan.

Bí ara pádì bá ti ku mílímítà 3, ẹ má dúró de ariwo. Bí irin bá kan irin, yóò jẹ díísìkì, ìnáwó á sì di ìlọ́po.

Owó tí a rò pé a ṣẹ́kù, ẹ má jẹ́ kí a fi ẹ̀mí san án.