Bí Ọ̀wọ́ Kọ̀ǹpútà Aláìlariwo Ṣe Dé Inú Iyàrá Wa

Ní ọdún 2002, nínú ilé ìkẹ́rùsí eléruku kan ní Los Alamos, ní ìpínlẹ̀ New Mexico lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, wọ́n to 240 kọ̀ǹpútà pẹlẹbẹ sínú àgọ́ irin kan tí kò gbà ju igun ilé lọ. Ẹ̀rọ amúlétutù kò sí níbẹ̀. Ooru ilé náà a máa súnmọ́ ìwọ̀n 30 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Síbẹ̀, odidi ọdún méjì ni ẹ̀rọ náà, tí wọ́n sọ ní Green Destiny, fi ṣiṣẹ́ láìdákú lójijì. Gbogbo iná tí ó ń jẹ kò ju 3.2 kílówáàtì lọ.

Wu-chun Feng ni aṣáájú iṣẹ́ náà, ìnira ló sì kọ́ ọ ní ọgbọ́n tí ó dá. Ọ̀wọ́ kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń lò ṣáájú a máa kọṣẹ́ léraléra nígbà ooru, nítorí bí ara ẹ̀rọ bá ti ń gbóná sí i ni ẹ̀mí rẹ̀ ń kúrú. Feng wá fi prósẹ́sọ̀ (ọpọlọ kọ̀ǹpútà) tí ó yára jù sílẹ̀, ó mú ti ilé iṣẹ́ Transmeta, tí kò yára tó bẹ́ẹ̀ ṣùgbọ́n tí kì í gbóná. Ẹni tí ó bá rí ọ̀wọ́ kọ̀ǹpútà kékeré lórí tábìlì akẹ́kọ̀ọ́ lónìí, tí kò ní fáànù, tí kò pariwo, kí ó mọ̀ pé àìní ló bí i. Kì í ṣe fàájì.

Iṣẹ́ ọ̀wọ́ kọ̀ǹpútà, ìyẹn kọ̀ǹpútà púpọ̀ tí a so pọ̀ kí wọ́n lè jọ ṣe iṣẹ́ kan, dà bí àáró tí àwọn àgbẹ̀ wa ń ṣe. Oko tí ẹnì kan ì bá fi oṣù kan ro, bí ẹgbẹ́ bá pé sí i, wọn a pín in mọ́ra wọn lọ́wọ́, oko a sì tán lóòjọ́. Kọ̀ǹpútà kan ni olórí, òun ló ń pín iṣẹ́. Àwọn yòókù a ṣe ìpín tiwọn, wọn a sì fi èsì ránṣẹ́ gba orí wáyà. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo iṣẹ́ ló ṣeé pín. Láti ọdún 1967 ni Gene Amdahl ti ṣàlàyé èyí: bí ìdá kan nínú mẹ́wàá iṣẹ́ kan bá jẹ́ èyí tí kò ṣeé pín, ìbáà jẹ́ ẹgbẹ̀rún kọ̀ǹpútà la kó jọ, iṣẹ́ náà kò lè fi ju ìlọ́po mẹ́wàá yá sí i.

Ọmọ Nàìjíríà kò gbẹ́yìn nínú ìtàn yìí. Ní 1989, Philip Emeagwali, tí wọ́n bí ní Àkúrẹ́, gba ẹ̀bùn Gordon Bell fún ìṣirò tí ó ṣe nípa epo rọ̀bì abẹ́ ilẹ̀. Ẹ̀rọ Connection Machine ló lò, tí prósẹ́sọ̀ kéékèèké 65,536 wà nínú rẹ̀. Àmọ́ mílíọ̀nù dọ́là ni wọ́n fi ń ka iye irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀. Apá mẹ̀kúnnù kò lè ká a.

Ọdún 1994 ni ilẹ̀kùn ṣí. Ní ibùdó Goddard ti àjọ NASA ní Maryland, Thomas Sterling àti Donald Becker kó kọ̀ǹpútà 16 jọ, irú èyí tí ẹnikẹ́ni lè rà lọ́jà, wọ́n fi wáyà Ethernet so wọ́n pọ̀, wọ́n sì gbé ètò Linux tí ó jẹ́ ọ̀fẹ́ lé wọn lórí. Wọ́n sọ ọ́ ní Beowulf. Kò pẹ́ tí wọ́n rí i pé prósẹ́sọ̀ yára ju wáyà lọ: àwọn tí ó ti parí ìpín tiwọn ń dúró de èsì tí ó há sójú ọ̀nà. Becker fúnra rẹ̀ ló kọ ètò tí ó jẹ́ kí kọ̀ǹpútà lè lo ju wáyà kan lọ lẹ́ẹ̀kan náà, ó sì yọ̀ǹda iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ fún gbogbo ayé lọ́fẹ̀ẹ́.

Lẹ́yìn náà ló kan William Hargrove àti Forrest Hoffman ní Oak Ridge, ìpínlẹ̀ Tennessee. Wọ́n bèèrè owó láti fi to irú ọ̀wọ́ bẹ́ẹ̀, wọn kò rí i gbà. Wọ́n bá ń kó kọ̀ǹpútà àlòpatì tí àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ ti pa tì, wọ́n ń tún un ṣe, wọ́n ń so ó pọ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, títí ó fi lé ní ọgọ́rùn-ún. Ohun tí àwọn ẹlòmíràn kà sí pàǹtírí yìí ni wọ́n fi ya àwòrán ilẹ̀ Amẹ́ríkà, tí wọ́n pín in gẹ́gẹ́ bí òjò, ooru àti irú erùpẹ̀ ibi kọ̀ọ̀kan ṣe rí.

Owó ti dínkù báyìí, ó wá ku ariwo. Fáànù ló ń pariwo nínú kọ̀ǹpútà, ooru ló mú fáànù wá, iná tí ẹ̀rọ ń jẹ ló sì ń di ooru. Sophie Wilson àti Steve Furber ti ilé iṣẹ́ Acorn ní Cambridge, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló tú ìdí ọ̀rọ̀ náà, owó ló sì tún sún wọn débẹ̀. Wọ́n fẹ́ kí ara prósẹ́sọ̀ wọn jẹ́ ike, torí pé ti seramíìkì wọ́n, ike kò sì fara da ooru púpọ̀. Wọ́n wá ṣọ́ iná lò gidi. Ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹrin 1985, prósẹ́sọ̀ àkọ́kọ́ tẹ̀ wọ́n lọ́wọ́, ó sì ṣiṣẹ́. Nígbà tí Furber fẹ́ mọ iye iná tí ó ń jẹ, òdo ni òṣùwọ̀n ń kà. Wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò fínnífínní, wọ́n sì rí i pé wáyà tí ó yẹ kí ó máa gbé iná fún un kò tilẹ̀ kan ojú ibi tí ó yẹ. Ìwọ̀nba iná tí ó ń jò wọlé láti ara àwọn wáyà tí ń gbé ìsọfúnni ló ti tó o ṣe iṣẹ́. Orúkọ rẹ̀ ni ARM. Irú rẹ̀ ló wà nínú fóònù tí ó wà lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ nínú wa.

Ní ìlú Cambridge yìí kan náà, Eben Upton àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ rí i pé àwọn ọmọ tí ń wá kọ́ ìmọ̀ kọ̀ǹpútà ń dínkù, àwọn tí ó sì ń wá kò mọ ètò kọ bíi ti àtẹ̀yìnwá. Ní ọjọ́ 29 oṣù Kejì 2012, wọ́n gbé Raspberry Pi jáde: pátákó kan tí kò ju káàdì báǹkì lọ, tí ó ní prósẹ́sọ̀ ARM, ní dọ́là 35. Lọ́dún yẹn náà, Simon Cox àti àwọn ènìyàn rẹ̀ ní Yunifásítì Southampton so 64 rẹ̀ pọ̀. Lego, ohun ìṣeré ọmọdé, ni wọ́n fi kọ́ àgọ́ rẹ̀. Ọmọ Cox, tí kò ju ọmọ ọdún mẹ́fà lọ, wà lára àwọn tí ó kọ́ ọ. Ojú iná kan ṣoṣo lára ògiri ni gbogbo rẹ̀ ń lò.

Ohun tí ẹni tí ó fẹ́ ṣe é nílé nílò kò pọ̀. Raspberry Pi 4 mẹ́rin, swíìṣì kékeré kan tí yóò so wọ́n pọ̀, wáyà kúkúrú, àti àpótí alumíníọ̀mù tí yóò máa fa ooru kúrò lára pátákó. Kí a nà wọ́n ró, kí a fi àlàfo sílẹ̀ láàárín wọn, kí atẹ́gùn gbígbóná lè rí ọ̀nà gòkè. Bí ooru bá tó ìwọ̀n 80, pátákó náà fúnra rẹ̀ a dẹ ìyára. Bí iṣẹ́ bá wọ̀ wọ́n lọ́rùn, gbogbo wọn yóò jẹ nǹkan bíi wáàtì 30, nǹkan bí ìdajì ohun tí fáànù àjà ń jẹ. Nítorí náà, bátìrì 12V tí agbára rẹ̀ jẹ́ 100Ah lè gbé wọn fún wákàtí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ó kéré tán, bí a kò tilẹ̀ lò ju ìdajì rẹ̀ lọ.

Fún àwa tí iná wa ń lọ tí ó ń bọ̀, bátìrì yìí kì í ṣe àṣejù. Bí iná bá já lójijì nígbà tí pátákó ń kọ nǹkan sínú káàdì ìrántí rẹ̀, ohun tí ó wà nínú káàdì náà lè bàjẹ́. Lẹ́yìn èyí, Pi 4 kò ní aago tí bátìrì ń gbé. Bí íntánẹ́ẹ̀tì kò bá sí nígbà tí iná dé, pátákó kọ̀ọ̀kan lè jí pẹ̀lú àkókò tí kò bá ti èkejì mu, wọn a sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ iṣẹ́ ara wọn. Ọ̀nà àbáyọ ni kí a fi aago sára olórí, kí àwọn yòókù máa bèèrè àkókò lọ́wọ́ rẹ̀.

Ká sọ òótọ́, kọ̀ǹpútà alágbèéká tuntun kan lè yára ju pátákó mẹ́rin wọ̀nyí lọ. Ẹ̀kọ́ inú rẹ̀ ni èrè rẹ̀. Ní 2017, Los Alamos, tí ó ní àwọn kọ̀ǹpútà tí ó wà lára èyí tí ó tóbi jù láyé, ra 750 Raspberry Pi, kí àwọn tí ń kọ ètò fún àwọn ẹ̀rọ ńlá náà lè rí ibi dán ọwọ́ wò láìdá iṣẹ́ dúró. Bí àwọn tí ó ní tó bẹ́ẹ̀ bá fi kékeré kọ́ ńlá, kí ni àwa ń dúró dè? Linux àti MPI, ìlànà tí àwọn kọ̀ǹpútà fi ń ránṣẹ́ síra wọn, tí ń pín iṣẹ́ lórí tábìlì nílé ló ń pín in nínú àwọn gbọ̀ngàn ńlá wọ̀nyẹn. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ so mẹ́rin pọ̀, tí ó mọ ìdí tí ọ̀kan fi ń dúró de èkejì, kò ní jẹ́ àlejò níwájú ẹgbẹ̀rún mẹ́rin. Ìdí nìyí tí mo fi gbà pé gbogbo ẹ̀ka ìmọ̀ kọ̀ǹpútà ní yunifásítì àti politẹ́kíníìkì wa yẹ kí ó ní irú rẹ̀, kí wọ́n sì jẹ́ kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tú u palẹ̀, kí wọ́n tún un tò fúnra wọn.